Luz Kì í Lọ Sílé Tààrà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù yìí, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láàárín èmi àti aládùúgbò mi kan. Ẹ má wo ti ìwé tí n kò kà púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ìsẹ́yìn kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ eléyìí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá ní Hartstown, ẹ mọ̀ pé Bàbá Ṣakirat, ọkọ mi, ti lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n lọ kírun, wọ́n dé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní kí n bá àwọn po tíì. Mo po ó. Kí n tó gbé e dé pálọ̀, ó ti parí. Tíì yẹn tutù sórí tábìlì, kò sẹ́ni tó mu ún. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Wọ́n sin wọ́n bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí, kíákíá. Èmi sì wọ tákàbà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, opó ṣíṣe tiwa ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú yóò fi jókòó sílé. Kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní máa rìn kiri. Ará Dublin ẹ gbọ́, ó rọrùn láti jókòó sílé nígbà òtútù, àmọ́ ẹ dán an wò kí wọ́n ti ní ẹ kò gbọdọ̀ jáde!

Wíńdò pálọ̀ wá di tẹlifíṣọ̀n mi. Mo mọ ẹni tó ń gbé páálí ìdọ̀tí síta lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Hamdalat, ọmọ ọmọ mi, á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ń pa òun lẹ́rìn-ín, á ní, “Grandma, you're gas! Leave the neighbours alone, would you.” Ó gbọ́ Yorùbá o, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ẹni tí Luz jẹ́.

Ará Philippines ni Luz. Ògiri kan ló la ilé tiwa àti tiwọn. Marivic ọmọ rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì, Rodel tó fẹ́ Marivic ń tọ́jú àwọn arúgbó. Luz wá bá wọn wo ọmọ, bí èmi náà ṣe wo Hamdalat. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ate. Ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn ní èdè wọn. Bàbá, Kuya ló ń pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Àwọn náà kì í dédé la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Mo fẹ́ràn ìyẹn nínú wọn.

Ẹja ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ń se ẹja gbígbẹ, òórùn gba ilé kan. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ó lè jáde, àfi bí òórùn mìíràn ṣe ń wọlé bọ̀ láti ìta! Mo yọjú, mo rí Luz lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ lé èéfín. Òun náà ń dín ẹja gbígbẹ. Breda, ìyá Irish tó wà lódì kejì, bá na orí síta, ó ní, “Girls, is it the drains?” Ó rò pé kòtò ìdọ̀tí ló bẹ́! Èmi àti Luz kò tíì kí ara wa dáadáa, a ti ń fi ògiri gbé ara wa dúró fún ẹ̀rín. Ọjọ́ yẹn la ti ń pààrọ̀ ẹja.

Inú rẹ̀ máa ń tètè dùn, Luz yìí. Páálí ńlá kan wà ní pálọ̀ wọn tó máa ń kún díẹ̀díẹ̀: ọṣẹ, ìbọ̀sẹ̀, ẹran inú agolo, ṣokoléètì. Bó bá kún tán, ọkọ̀ ojú omi á gbé e lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí Luz bá rí ọṣẹ tí wọ́n ní kéèyàn ra ọ̀kan kó gba ọ̀kan, á wá kan ilẹ̀kùn mi kó tó wọ ilé tirẹ̀, bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sùn lọ, ó bá ara rẹ̀ ní Ongar. Ó pe Bàbá lórí fóònù. Táàsì ni Bàbá ń wà, wọ́n sáré lọ gbé e. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe bá a? Ó jókòó ní ibùdókọ̀ nínú òtútù, ó ń lá áísìkiriìmù, òun àti obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ń ya fọ́tò! Ó ní nígbà tí òun ti sọ nù, kí òun kúkú gbádùn ibi tí òun sọ nù sí.

Bàbá kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Sunday, àwọn ni wọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí tó ń sin Kátólíìkì lọ sí Máàsì. Wọ́n á ní, “Luz, bá mi kí wọn níbẹ̀ o.”

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kú, mo ń retí Luz.

Ó wá lóòótọ́, lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Ó gbé àkàrà ìrẹsì kan wá tí wọ́n fi ewé tẹ́ lábẹ́, ó tètè sọ pé kò sí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ó jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú. Nínú gbogbo àwọn tó wá, látorí Mufutau dé orí Ìyá Kámórù, òun nìkan ni kò sọ fún mi pé kí n má sunkún.

Ó dìde pé òun ń lọ. Èmi náà dìde. Àbí kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe bí àlejò bá ń lọ? A ó sìn ín ni, bí orúnkún bá tilẹ̀ ń dunni! Luz bá fi ọwọ́ méjèèjì tì mí padà sórí àga. “No, Ate, no! Sit! Don't come!” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá. Kò dúpẹ́, kò ní ó dàbọ̀. Ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú.

Mo yí sí wíńdò mi. Ẹnu ọ̀nà wọn nìyí, ẹnu ọ̀nà wa nìyí, wọ́n fẹnu kora ni. Luz kọjá ilé ara rẹ̀! Kò tiẹ̀ wò ó. Ó forí lé ọ̀nà títì nínú òjò.

Mo ní bóyá ó fẹ́ ra nǹkan. Ó tún wá, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta, bákan náà. Rodel wá kí Ṣakirat àti ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Nígbà tó máa lọ, ó wọ inú mọ́tò rẹ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó wà á lọ. Kò pẹ́, ó padà dé, ó páàkì síbi tó ti gbé e, ó wọlé. Ẹ̀yin èèyàn, kí lẹ máa rò?

Mo pe Alhaja Sìdíkátù ní Clondalkin. A jọ dé ìlú yìí ni, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń dúró de ìwé ìgbélùú. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ní:

“Ìyá Ṣakirat, o ò rí i pé wọ́n ń sá fún ẹ ni?”

Mo ní, “Sá fún mi ṣe kí ni? Ó di ọwọ́ mi mú.”

“Ó di ọwọ́ ẹ mú, ó sì ń lọ fọ̀ ọ́ lójú títì! Ikú ilé ẹ ni ò fẹ́ gbé wọlé.”

“Sìdíkátù, ẹnu ẹ ò dáa.”

“Ẹnu mi ò dáa, ojú mi dáa. Bi í léèrè!”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tí Luz tún wá, mo gbà á lálejò bó ṣe yẹ. Àmọ́ bó ṣe dìde, mo ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀ bíi pọ́ọ̀lù iná. Mo ní, “Luz, ilé rẹ rèé. Níbo lò ń lọ?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òyìnbó tirẹ̀ ń kọsẹ̀, tèmi náà ń kọsẹ̀, a sì gbọ́ ara wa yé. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí òun, ẹni tó bá lọ sí ilé ọ̀fọ̀ kì í lọ sílé tààrà. Bó bá lọ tààrà, ẹni tó kú lè tẹ̀ lé e wọlé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà síbì kan, kó jókòó díẹ̀, kó tó lọ sílé. Pagpag ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà téèyàn gbọn eruku nù lára aṣọ. Ó ní bákan náà, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sin àlejò jáde, lílọ sílé ọ̀fọ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ sí. Ó ní ìyá òun kọ́ òun, òun ò sì lè fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi. Mo ní eruku kẹ̀? Bàbá Ṣakirat ni eruku? Ẹni tó gbé ẹ láti Ongar! Ẹni tó ń gbé ẹ lọ sí Máàsì nínú òjò! Bó bá tilẹ̀ tẹ̀ lé ẹ, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹ, ju kó bá ẹ tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò padé dáadáa ṣe?

Omi dé ojú Luz. Mo yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Mo wo wíńdò. Pẹ̀lú gbogbo èyí tí mo sọ, ẹ gbọ́ o, kò lọ sílé! Ojú títì náà ló tún forí lé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá kan ilẹ̀kùn, mo ní kí Ṣakirat sọ pé mo ń sùn. Ó kan ilẹ̀kùn títí, ó dẹ́kun. Ilé dákẹ́. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn látinú ògiri lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń kọrin sí ẹ̀rọ, Marivic tó mọ orin ín kọ, Rodel tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Mo rí àwọn tó wá gbé páálí ńlá yẹn. Luz dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ ń dúró. Ó wo apá ọ̀dọ̀ wíńdò mi. Mo fa kọ́tìnnì.

Ṣakirat ló tú mi fó. Ó ń rẹ́ ilá, ó kàn dá a sọ pé, “Mummy, lọ́jọ́ tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, ta ló gbé omi sẹ́nu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìfọ ẹsẹ̀?”

Mo ní èmi ni.

“Kí lẹ ní kí wọ́n fọ̀ kúrò?”

Mo ní iyanrìn ni. Ó wò mí. Mo ní amọ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbájú mọ́ ilá rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè náà kò kúrò nínú mi. Ìyá mi náà ló kọ́ mi, n kò sì bi í léèrè rí.

Tákàbà mi pé. Ààfáà wá ṣàdúà, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo èèyàn ní ẹ kú oríire, ẹ lè jáde wàyí. Alhaja Sìdíkátù ní kí n wá wọ Luas, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ní ọ̀dọ̀ àwọn, ká lọ wo ìlú.

N kò lè jáde! Ohun tí n kò sọ fẹ́nì kankan nìyí. Nígbà tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jáde, ìta ń wù mí. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi wúwo. Bí mo bá dé ìloro, mo á rí bàtà Bàbá, mo á yí padà. Ṣakirat ní ká lọ sí Blanchardstown, mo ní orúnkún. Ó ní ká lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ní orúnkún. Ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní kíṣìnnì pé bóyá Mummy ò tún ní jáde mọ́ láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹlòmíràn nílé, mo lọ ṣí i fúnra mi. Luz ni. Ó wọ kóòtù, agbòjò méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó wọlé. Ó ní rárá, èmi ni kí n jáde.

Ó ní, “Ate, gbogbo wa tó wá síbí la ti yà síbì kan. Ìwọ nìkan ni kò tíì yà síbì kankan. O ti wà nínú ilé ọ̀fọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó kàn ẹ́.”

Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ó ní ti òun náà ń dùn òun. Ó na agbòjò kan sí mi.

N kò mọ ohun tó mú mi gbà á. Bóyá torí pé kò bẹ̀ mí ni, kò sì ní kí n ṣọkàn gírí. Mo wọ bàtà, mo tẹ ìta. Atẹ́gùn gbá mi lójú. A kọjá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kò wò ó, mo wá rí bó ṣe máa ń ṣe é. À ń rìn bí ìgbín. Breda ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, ó ju ọwọ́ sí wa, ó ní, “Ah, you're out! Grand!”

Ilé epo tó wà lójú títì la lọ. Mo ní, “Luz, ilé epo?” Ó ní kí n wọlé ṣá. Ẹ mọ bí ilé epo ìlú yìí ṣe rí: wọ́n ń ta búrẹ́dì, wọ́n ń ta tíì àti kọ́fí, tábìlì mélòó kan á wà nítòsí wíńdò fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó. Ọkùnrin tó wà nídìí ọjà, Declan lorúkọ rẹ̀, ó wò mí, ó wo Luz, ó ní, “Is this herself?” Ṣé ẹni tí Luz máa ń sọ rèé ló ń béèrè. Luz ní òun ni.

Luz mú mi lọ sí tábìlì tó wà ní igun, níbi tí ooru ti ń jáde. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ó ní kí n jókòó. Ó jókòó sórí ìkejì. Ìkẹta, ó fọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ibí ni òun ń yà sí. Gbogbo ìgbà tí òun bá kúrò lọ́dọ̀ mi, òun á wá síbí, òun á sọ pé, “Kuya, jókòó, ooru wà níbí.” Òun á ra tíì, òun á bá wọn jókòó títí tíì á fi tán, òun á wá ní, “Kuya, mo ń lọ, ó dàbọ̀.” Ó ní àwọn mìíràn á kàn fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa lọ. Òun ò lè fi Kuya sílẹ̀ lójú títì nínú òjò, torí Kuya ò fi òun sílẹ̀ nínú òjò rí.



Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe ẹ̀sìn, ẹ má bá mi jà o. Mo mọ ibi tí ẹ̀mí ń lọ, mo sì mọ Ẹni tó ń gbà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ilé epo yẹn gan-an ni Bàbá ti ń ra epo sí táàsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra tíì. Wọn ò jókòó níbẹ̀ rí! Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wakọ̀, wọ́n á gba tíì, wọ́n á ní èrò ń dúró, wọ́n á máa mu ún lórí ìrìn títí ó fi máa dà sí wọn láṣọ. Èmi ni mò ń fọ àbàwọ́n rẹ̀.

Mo wo àga yẹn. Mo ní, “Bàbá Ṣakirat, ẹ kú ìjókòó o.”

Luz béèrè ohun tí mo wí. Mo ní mo kí wọn pé wọ́n kú ìjókòó ni, pé ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó pa èmi náà, ẹkún ń dà, ẹ̀rín ń dà, Declan kò mọ èyí tó máa bá wa ṣe nínú méjèèjì.

Ó gbé tíì wá, ife mẹ́ta. Luz kò sọ pé kó gbé mẹ́ta, ó ti mọ̀. Mo fa ìkẹta sọ́dọ̀ mi. Mo da wàrà sí i kó funfun, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo da ṣúgà sí i ju bí dókítà wọn ṣe ní kí n máa dà á. Mo pò ó. Mo gbé e síwájú àga náà nígbà tó ṣì gbóná.

Ìyẹn nìkan ni mo ní láti ṣe. Mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

A mu tiwa tán. A dìde. Luz ní, “Bye, Kuya.” Èmi ò ní ó dàbọ̀. Mo ní mò ń bọ̀.

Nígbà tí a padà dé, ohun tí n kò rí láti ọjọ́ yìí, mo rí i. Luz lọ sílé tààrà! Mo tẹ̀ lé e. Mo ní ní báyìí tí a ti yà síbì kan, mo lè sìn ọ́ àbí? Ó ní mo lè sìn ín. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun náà ní òun ò lè jẹ́ kí àgbà dá padà, ó sìn mí dé tèmi. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo tún sìn ín padà. Ilé tó fẹnu kora o! Breda yọjú ní wíńdò, ó ní ṣé kọ́kọ́rọ́ ló sọ nù lọ́wọ́ wa ni?

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ìṣe ẹnì kan bá dùn yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ń lọ, àmọ́ ẹ má dúró sórí ohun tó fẹnu sọ nìkan. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, ẹ tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Alhaja Sìdíkátù, mo mọ̀ pé ò ń kà á, ojú ẹ dáa lóòótọ́, àmọ́ láti Clondalkin, o ò lè rí ilé epo.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nílùú àjèjì tí kálukú wà yìí, ṣé aládùúgbò yín ti ṣe ohun kan rí tó dùn yín dé egungun, tó wá jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹni náà fún mi, orúkọ ni mo fi ń rántí èèyàn. Bí n kò bá tètè fèsì, ẹ má bínú, èmi àti Luz ti lọ mu tíì.